Bí ẹ ṣe lè fi submittal BAS wé spec láìjẹ́ kí ohun tí kò sí níbẹ̀ sá mọ́ yín lójú

Ní ilé ńlá Amẹ́ríkà lónìí, ilé ìwòsàn ni o, ilé ẹ̀kọ́ ni o, ilé iṣẹ́ alájà púpọ̀ ni o, kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ló ń tan amúlétutù, tó tún ń pa á. Àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní controller, tí wọ́n tò sínú àjà, ló ń wo ìwọ̀n ooru, tó ń ṣí fáàfù, tó ń dín eré fáànù kù, tó sì ń pariwo bí nǹkan bá bàjẹ́. BAS (building automation system) ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Èkó ti mọ̀ ọ́n sí BMS. Kí agbaṣẹ́ṣe tó ra ohunkóhun fún un, ó gbọ́dọ̀ kó ìwé ohun tó fẹ́ rà, àti àwòrán bó ṣe fẹ́ so wọ́n pọ̀, ránṣẹ́ sí ẹnjiníà. Ìwé yẹn ni submittal. Spec ni èyí tí ẹnjiníà ti kọ sílẹ̀ ṣáájú, tó wà nínú àdéhùn, tó sọ ohun tí onílé ń sanwó fún.

Ẹni tó ń yẹ submittal wò ní láti fi èkíní wé èkejì. Ohun tó mú un le ni pé submittal tó burú kì í sábà parọ́. Ńṣe ló máa ń dákẹ́. Ẹ rántí ọjọ́ ìdána: ẹbí ìyàwó kì í wo iṣu àti oyin tó wà nílẹ̀ kí wọ́n wá ní ẹrù náà pọ̀, ó ti tó. Wọ́n á mú líìsì jáde, wọ́n á máa pe nǹkan ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ pé ataare kò sí. Spec ni líìsì yín. Òun ni kí ẹ máa kà. Inú submittal ni kí ẹ ti máa wá ohun tó pè. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́ submittal, tó ń kà á lọ bí ìwé ìtàn, á rí nǹkan tó dára lóríṣiríṣi, á sì fọwọ́ sí i.

Kí ẹ tó ṣí PDF náà

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo spec tó kan iṣẹ́ náà jọ. Nọ́ńbà MasterFormat ni wọ́n fi ń to spec ní Amẹ́ríkà. 23 09 23 ló sábà máa ń ní controller, sensor àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú. 23 09 93 ni sequence, ìyẹn àlàyé bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Àwọn kan máa ń kó gbogbo rẹ̀ sí Division 25. 01 33 00 ló ń sọ bí submittal ṣe gbọ́dọ̀ wọlé àti iye ọjọ́ tí ẹ ní láti fi dáhùn. Ẹ fi àwòrán M (ti ẹ̀rọ amúlétutù) kún un, nítorí àtẹ àwọn ẹ̀rọ wà níbẹ̀, àti gbogbo addendum, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi tún spec ṣe lẹ́yìn tó ti jáde. Addendum ṣe pàtàkì gan-an: ó lè jẹ́ pé èyí kejì ti yí irú sensor tí spec àkọ́kọ́ bèèrè padà, kí ẹ wá dá agbaṣẹ́ṣe lẹ́bi lórí ohun tó ṣe dáadáa.

Bí spec àti àwòrán bá tako ara wọn, ilé ẹnjiníà ni ìṣòro yẹn ti wá. Ẹ yanjú rẹ̀ lọ́dọ̀ yín kí ẹ tó kọ ohunkóhun sí agbaṣẹ́ṣe. Mo ti rí àwọn tó ń kọ "ẹ ṣe èyí tó bá tọ́" sí i, tí wọ́n sì rò pé àwọn ti ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo òǹtẹ̀ agbaṣẹ́ṣe àgbà lórí ìwé náà. Níbi tí wọ́n bá ti lo ìwé àdéhùn A201 ti AIA, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé Amẹ́ríkà, apá 3.12 sọ pé bí agbaṣẹ́ṣe bá ti fi submittal ránṣẹ́, ó ń jẹ́rìí pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra òun. Ó tún sọ pé bí ohunkóhun nínú rẹ̀ bá yàtọ̀ sí àdéhùn, ó gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ọ́ pàtó lásìkò tó ń fi í ránṣẹ́. Bí kò bá sọ ọ́, ìbuwọ́lù ayàwòrán ilé kò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀bi. Nítorí náà, bí òǹtẹ̀ kò bá sí, ẹ dá a padà láìkà á. Ojú lè máa ti yín láti ṣe é. Ẹ ṣe é. Bí ẹ bá kà á láìsí òǹtẹ̀, ẹ ti di òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tí kò gba owó. Bí lẹ́tà àwọn ohun tó yàtọ̀ bá sì wà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.

Sequence àti points list: ibí ni kí ẹ ti lo ọ̀pọ̀ àkókò

Bí ẹ bá ní wákàtí mẹ́jọ fún submittal kan, ẹ lo márùn-ún níbí. Points list ni àtẹ gbogbo ohun tí controller lè mọ̀ tàbí tó lè pàṣẹ fún: ìwọ̀n ooru, ìfúnpá, bóyá fáànù ń yí, ibi tí fáàfù ṣí dé. Sequence ni ọpọlọ rẹ̀. Ọpọlọ tí kò ní ojú kò lè rìn, àmọ́ orí ìwé kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ bí ẹ kò bá fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ ṣí Excel. Ẹ mú sequence inú spec, ẹ gé e sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Níwájú rẹ̀, ẹ kọ ohun tí controller gbọ́dọ̀ mọ̀ kí gbólóhùn yẹn tó lè ṣẹ, ohun tó gbọ́dọ̀ lè yí, àti ohun tí òṣìṣẹ́ ilé gbọ́dọ̀ rí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó lọ wá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú points list agbaṣẹ́ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn kan tó wọ́pọ̀ nínú ilé tó ń lo VAV, ìyẹn àpótí afẹ́fẹ́ tó ní damper (ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí, tó ń tì fún afẹ́fẹ́), tí yàrá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Spec ní: setpoint (iye tí ẹ̀rọ ń lépa) fún ìfúnpá nínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ yóò máa lọ sílẹ̀, yóò sì máa gòkè, gẹ́gẹ́ bí àwọn damper VAV bá ṣe ṣí tó. Kí ni èyí ń bèèrè? Sensor ìfúnpá nínú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Àṣẹ eré sí drive, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí eré fáànù padà. Àmì pé fáànù ń yí lóòótọ́. Setpoint náà fúnra rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ lè rí i, kó sì lè tọpasẹ̀ rẹ̀. Bákan náà, ibi tí damper gbogbo VAV ṣí dé, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbé wá sọ́dọ̀ controller AHU, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí gbogbo VAV. Ẹ wá ṣí points list VAV: ìwọ̀n ooru yàrá wà níbẹ̀, ìṣàn afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, ibi tí damper wà kò sí. Gbólóhùn yẹn ti kú. Fáànù á máa fẹ́ ní ìfúnpá tó ga jù lọ tọ̀sán tòru, ẹnikẹ́ni kò sì ní fẹjọ́ sùn, nítorí yàrá á tutù bó ṣe yẹ. Bíìlì iná nìkan ló máa mọ̀.

Àwọn tó tún máa ń sọnù bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti dá mọ̀ tí ẹ bá ti mọ̀ wọ́n. Spec ní kí ẹ̀rọ fi agbára ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ pinnu ìgbà tó máa lo afẹ́fẹ́ òde, àmọ́ sensor ìwọ̀n ooru nìkan ni agbaṣẹ́ṣe kó wá, kò sí ti ọ̀rinrin. Spec ní kí pọ́ọ̀ǹpù méjì máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn bí ọ̀kan bá kọṣẹ́, àmọ́ ohun tó máa sọ pé pọ́ọ̀ǹpù kò yí kò sí, àṣẹ títàn nìkan ló wà. Àṣẹ kì í ṣe ẹ̀rí. Pé controller ní kí pọ́ọ̀ǹpù tàn kò fi hàn pé ó tàn.

Freezestat nílò ojú tó mú. Ní ìlú bíi Chicago tàbí Minneapolis, afẹ́fẹ́ òde lè sọ omi inú coil (àwọn páìpù omi tí afẹ́fẹ́ ń gba ara wọn kọjá) di yìnyín, kí páìpù sì bẹ́. Freezestat ló ń dènà èyí: páìpù tín-ín-rín gígùn kan ni, tó na ojú coil já. Bí ibi kankan lára rẹ̀ bá tutù dé nǹkan bíi 38°F, ó gbọ́dọ̀ dá fáànù dúró. Ọ̀pọ̀ spec ló ní kí wáyà rẹ̀ gba inú ọ̀nà iná fáànù fúnra rẹ̀, kó má dúró de kọ̀ǹpútà. Ẹ má gbà á nítorí pé ẹ rí "freezestat" nínú points list. Ẹ lọ sí àwòrán wáyà, ẹ fi ìka tọ̀ ọ́ láti ojú coil dé drive. Bó bá dúró sí controller, kò bá spec mu, nítorí ọjọ́ tí controller bá kú lóru ọyẹ́ ni coil máa bẹ́.

Ohun kan tún wà tó máa ń tàn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe lè da sequence inú spec kọ ní gbólóhùn dé gbólóhùn sínú submittal. Ó bá spec mu pátápátá, kò sì sọ ohunkóhun. Ohun tí ẹ ń wá ni bí ó ṣe fẹ́ ṣe é: setpoint ní nọ́ńbà, iye ìṣẹ́jú tó máa dúró kó tó yí nǹkan padà, alarm wo ló máa dún. Bí spec bá tọ́ka sí Guideline 36, ìlànà sequence tí ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà amúlétutù, kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 2018, "gẹ́gẹ́ bí Guideline 36" kò tó ìdáhùn, torí ìlànà náà fúnra rẹ̀ ní àyè púpọ̀ tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà sí. Àwọn mìíràn á mú sequence iṣẹ́ ibòmíràn wá. Ẹ wá orúkọ ẹ̀rọ tí kò sí nínú ilé yín: bí ẹ bá rí AHU-7 nínú ilé tí AHU rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, ẹ ti mọ ibi tí ìwé yẹn ti wá, ẹ sì ní ìdí láti ka gbogbo ìyókù pẹ̀lú ìfura.

Èdè tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀

BACnet ni èdè tí ọ̀pọ̀ spec Amẹ́ríkà ń bèèrè. ASHRAE tẹ̀ ẹ́ jáde gẹ́gẹ́ bí Standard 135 ní 1995, ó sì ti di ISO 16484-5. Gbólóhùn tí kò níye lórí nínú katalọ́ọ̀gì ni "BACnet compatible". Ẹ bèèrè PICS ti controller kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìwé tó ń sọ ohun tó lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe nínú èdè náà. Ẹ sì wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú àwọn tí BTL, ilé ìdánwò BACnet, ti dán wò, bí spec bá bèèrè rẹ̀. Irú rẹ̀ náà ṣe pàtàkì: bí spec bá ní B-BC (controller ilé) fún AHU, tí agbaṣẹ́ṣe mú B-ASC (controller iṣẹ́ kan pàtó) wá, ó mú kékeré wá síbi tí wọ́n ti bèèrè ńlá.

Níbi àwòrán nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ ka iye ẹ̀rọ lórí okùn MS/TP kọ̀ọ̀kan, ìyẹn wáyà BACnet tó so àwọn controller pọ̀. Àdírẹ́sì 0 sí 127 ni master (ẹ̀rọ tó lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀) lè ní, wáyà RS-485 kò sì gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi mítà 1,200 lọ. Ọ̀pọ̀ spec kì í jẹ́ kó dé ibẹ̀ rárá, torí ẹ̀rọ tó pọ̀ lórí okùn kan á máa falẹ̀. Resistor ìparí gbọ́dọ̀ wà ní orí méjèèjì okùn, kó má sì sí ní àárín.

Ẹ má gbàgbé chiller (tó ń mú omi tutù), boiler (tó ń mú omi gbóná) àti drive tí ẹlòmíràn ń tà. Ta ló máa ra káàdì BACnet wọn? Bí submittal BAS bá ní "káàdì láti ọwọ́ ẹlòmíràn", tí submittal chiller náà sì ní bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rà á. Ẹ ṣí méjèèjì pọ̀.

Sensor àti fáàfù

Katalọ́ọ̀gì ló máa ń pọ̀ jù nínú submittal, òun ló sì rọrùn jù láti yẹ̀ wò. Ojú ìwé kan lè ní oríṣi ogún. Bí agbaṣẹ́ṣe kò bá fi ọfà tọ́ka sí èyí tó fẹ́ rà gan-an, ẹ kò ní ohun tí ẹ lè fọwọ́ sí.

Fún sensor ìwọ̀n ooru, ẹ wo irú thermistor, ìyẹn ohun inú rẹ̀ tí ohm rẹ̀ ń yí padà bí ooru bá ṣe ń yí padà. 10k Type II àti 10k Type III jọ jẹ́ ohm 10,000 ní 25°C, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń rò pé ohun kan náà ni wọ́n. Ní 0°C, Type II ti lé ní 32,000. Type III kò tó 30,000. Sensor irú kan lára controller tí wọ́n tò fún irú kejì á máa ka òde tó tutù ní àṣìṣe bíi 2°C. Ìyẹn tó láti mú kí afẹ́fẹ́ òde ṣí tàbí kó tì ní àkókò tí kò yẹ.

Fáàfù gba ìṣirò, ẹ má sì gbà á láìsí àtẹ ìṣirò. Cv ni iye gálọ́ọ̀nù omi tó lè gba inú fáàfù tó ṣí pátápátá kọjá ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ìfúnpá tó ń sọnù níbẹ̀ bá jẹ́ psi 1. Ẹ pín ìṣàn omi sí root ìfúnpá tó ń sọnù. Coil tó ń gba gálọ́ọ̀nù 20 ní ìṣẹ́jú, tí spec yọ̀ǹda psi 4 fún, ń bèèrè Cv 10. Bí agbaṣẹ́ṣe bá mú Cv 20 wá, psi 1 péré ló máa sọnù níbẹ̀: fáàfù náà tóbi jù, díẹ̀ tó bá ṣí, omi ti ya wọlé, yàrá á máa tutù á máa gbóná. Bó bá mú Cv 5 wá, psi 16 ni, pọ́ọ̀ǹpù lè má lè tì í kọjá. Ẹ wo agbára mọ́tò rẹ̀ náà. Bí pọ́ọ̀ǹpù bá lè gbé omi dé ẹsẹ̀ 100 nígbà tí gbogbo ọ̀nà bá tì, nǹkan bíi psi 43 nìyẹn. Mọ́tò tí kò lè ti fáàfù pa ju psi 30 lọ á máa jò.

Lákòótán lórí fáàfù: ibo ló máa lọ bí iná bá lọ? Spec á ti sọ ọ́. Ní ibi òtútù, ti omi gbígbóná sábà máa ń ṣí, damper afẹ́fẹ́ òde á sì tì. Mọ́tò tí kò ní spring á kàn dúró síbi tí iná bá a.

Àwọn tó kù

Àpótí controller: ìlànà ààbò UL 916 ló wọ́pọ̀. Àmọ́ bí ẹ̀rọ náà bá máa darí èéfín nígbà iná, UL 864 ni spec sábà máa ń bèèrè, ẹ má sì gba ìyípadà kankan níbẹ̀. Wáyà tó bá gba inú àjà tí afẹ́fẹ́ ń gbà gbọ́dọ̀ jẹ́ plenum, oríṣi tí wọ́n ṣe fún irú ibẹ̀. Ẹ ro iye VA (agbára iná) lórí transformer kọ̀ọ̀kan.

Sọ́fítíwià ni àwọn ẹnjiníà máa ń fò, onílé ló sì máa ń jìyà rẹ̀. Ta ló ni license? Ṣé onílé máa gba password tó ga jù lọ àti fáìlì program? Bí Niagara, ọ̀kan lára sọ́fítíwià BAS, bá ni, ṣé license rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ mìíràn láti wọlé ṣe iṣẹ́, àbí ẹni tó fi í síbẹ̀ nìkan? Bí kò bá sí lórí ìwé nísinsìnyí, lẹ́yìn ọdún márùn-ún ni onílé máa mọ̀ pé ọwọ́ ẹnì kan ni òun wà.

Kíkọ èsì àti lílu òǹtẹ̀

Èsì tó dára ní nọ́ńbà ìpínrọ̀ spec, ohun tí spec ní, ohun tí submittal mú wá, àti ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe. "Ẹ wo spec" kì í ṣe èsì. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "23 09 23, 2.5: sensor ìfúnpá AHU-2 gbọ́dọ̀ ní ±1%. Èyí tí ẹ mú wá jẹ́ ±2%. Ẹ mú èyí tó bá spec mu wá." Ẹ má yan model fún un, kó má bàa di tiyín bó bá bàjẹ́. Bí ẹ bá sì rí ohun tó dára tí ẹ gbàgbé láti kọ sínú spec, ẹ má yọ́ ọ sínú èsì. Owó àfikún ni. Ẹ lọ bá onílé sọ ọ́.

Òǹtẹ̀ mẹ́rin ló wọ́pọ̀: No Exceptions Taken, Make Corrections Noted, Revise and Resubmit, Rejected. Èkejì ni wọ́n ń ṣì lò jù, nítorí pé kì í dá wàhálà sílẹ̀. Ìlànà tèmi ni pé ohun tó bá máa fi point kún un, tó máa yí wáyà padà, tàbí tó máa yí ohun rírà padà gbọ́dọ̀ tún wá. Damper VAV tí a sọ lókè yẹn lè mú kí controller nílò àyè tí kò ní. Revise and Resubmit ni.

Ẹni tó bá rò pé òǹtẹ̀ kò ju ìnkì lọ, kó ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìtura Hyatt Regency ní Kansas City, Missouri, ní ọjọ́ 17 oṣù Keje 1981. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, irin gígùn kan ló gbé àfárá òkè àti ti ìsàlẹ̀, tí wọ́n so kọ́ nínú ilé náà, dání pọ̀. Nínú shop drawing, àwòrán submittal iṣẹ́ yẹn, ó ti di irin méjì, tí ti ìsàlẹ̀ so mọ́ àfárá òkè, ẹrù tó wà lórí nọ́ọ̀tì àfárá òkè sì di ìlọ́po méjì. Òǹtẹ̀ ẹnjiníà wà lórí àwòrán náà. Àwọn àfárá náà já lulẹ̀, ènìyàn 114 ló kú, ìpínlẹ̀ Missouri sì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹnjiníà. Àlàyé pé agbaṣẹ́ṣe ló yí i padà kò gbà wọ́n.

Nígbà tí submittal bá padà dé, àwọn ohun tí agbaṣẹ́ṣe yí padà á ní àmì. Ẹ wo wọ́n, àmọ́ ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ fi PDF tuntun wé ti àtijọ́ pẹ̀lú sọ́fítíwià tó ń fi ìyàtọ̀ hàn, nítorí nǹkan máa ń yí padà láìní àmì, pàápàá nọ́ńbà model. Ẹ dá èsì yín kọ̀ọ̀kan lóhùn lórí ìwé: ó ti parí, tàbí kò tíì parí. Excel tí ẹ fi sequence ṣe, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ṣe commissioning. Ohun tó máa dán wò nìyẹn, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, nígbà tí fáànù bá ti ń yí.